Ìjókòó Kan Péré Ló Fi Ṣáájú: Ìdáhùn fún Ẹni tó Béèrè nípa Alex Salmond

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kàwé ní Aberdeen ló kọ̀wé sí mi. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà ń jiyàn lórí Alex Salmond, olóṣèlú Scotland tó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ọ̀kan nínú wọn ní akọni ni ọkùnrin náà. Èkejì ní ẹni tó jà tí kò ṣẹ́gun, kí la wá ń yìn ín fún? Ìbéèrè rẹ̀ gan-an nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni Salmond ṣe mú kí ìjọba London gbà kí Scotland dìbò lórí òmìnira, tí ẹnikẹ́ni ò sì yìnbọn? Kí ló sì ba àárín òun àti Nicola Sturgeon, tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, jẹ́?"

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ òṣèlú Scotland, mo sì ti rí i pé ọdún 2014, ọdún tí wọ́n dìbò òmìnira yẹn, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn Salmond. Lójú tèmi, wọ́n ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún 2007 ni iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù lọ wà, nígbà tó fi ìjókòó kan ṣoṣo ṣáájú alátakò rẹ̀, tó sì fi ọdún mẹ́rin fi han àwọn ará ìlú rẹ̀ pé a lè gbé ìjọba lé ẹgbẹ́ òun lọ́wọ́ kí ọ̀run má sì ya. Ká ní kò sí 2007 ni, kì bá tí sí 2014. Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, ó yẹ kí o mọ irú ẹni tó jẹ́.

Linlithgow, ní ìwọ̀-oòrùn Edinburgh, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1954. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ àgbà ló máa ń sọ ìtàn ilẹ̀ Scotland fún un nígbà tó wà lọ́mọdé, ìtàn yẹn sì wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó dé yunifásítì St Andrews, ó kọ́ ètò ọrọ̀ ajé pọ̀ mọ́ ìtàn ayé àtijọ́. Ọdún 1973 ló wọ SNP, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún òmìnira Scotland. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀: òun àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ England, tó sì fẹ́ràn ẹgbẹ́ Labour, ni wọ́n ń bára wọn jiyàn, ni ọmọbìnrin náà bá ní bó bá dùn ún tó bẹ́ẹ̀, kó yáa lọ wọ SNP. Ó sì lọ lóòótọ́.

Láti 1980 sí 1987, ilé ìfowópamọ́ Royal Bank of Scotland ló ti ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì sì wà lára ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Má fojú kékeré wo ìyẹn. Aberdeen tí o wà yẹn, epo abẹ́ Òkun Àríwá ló sọ ọ́ di ìlú olówó, láti àwọn ọdún 1970 sì ni SNP ti ń pariwo pé epo náà, ti Scotland ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, orin ogun àti ìtàn ìwọ̀sí ni wọ́n fi ń polongo. Salmond ní tirẹ̀, ìṣirò ló ń gbé wá: iye àgbá, iye owó, ibi tí owó náà ń wọlé sí. Fi ìyẹn sọ́kàn, torí a máa padà wá sí i.

Ọgbẹ́ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wò, ọdún 1979 ni wọ́n dá a sí ẹgbẹ́ rẹ̀ lára. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n ní kí àwọn ará Scotland dìbò bóyá wọ́n fẹ́ ilé ìgbìmọ̀ tiwọn ní Edinburgh. Àwọn tó ní àwọn fẹ́ ẹ lé díẹ̀ ní ìdajì, 51.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n òfin ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àfi kí àwọn tó fẹ́ ẹ tó 40 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò, àti ẹni tó jáde, àti ẹni tó jókòó sílé. Kò tó bẹ́ẹ̀. Inú bí SNP, wọ́n dara pọ̀ mọ́ àwọn tó fẹ́ lé ìjọba Labour lọ ní London, ìjọba náà sì fi ìbò kan péré ṣubú, 311 sí 310. Ìdìbò gbogbogbò tẹ̀ lé e, Margaret Thatcher ti ẹgbẹ́ Konsafétífù wọlé, SNP fúnra wọn sì já wálẹ̀ láti aṣòfin 11 sí 2. Wọ́n fi ìbínú dáná, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn jóná níbẹ̀.

Salmond àti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn wá kóra jọ nínú ẹgbẹ́, wọ́n pe ara wọn ní 79 Group. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé òṣìṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Glasgow kò ní torí àsíá dìbò. Ó fẹ́ mọ ohun tí òmìnira máa ṣe sí owó oṣù rẹ̀, sí ilé tó ń gbé, sí ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ò gba gbẹ̀rẹ́. Ní 1982 wọ́n lé Salmond àti mélòó kan lára wọn dànù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà wọ́n padà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹni tó ń pè é ní alágbára inú ẹgbẹ́ rántí pé wọ́n ti lé e rí, àti pé ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lé e náà ni ẹgbẹ́ fi wọlé níkẹyìn.

Ní 1987 ó di aṣòfin ní London fún ẹkùn ìdìbò Banff and Buchan, ní etíkun tó wà lókè Aberdeen. Iṣẹ́ ẹja ni wọ́n fi mọ Peterhead àti Fraserburgh tó wà níbẹ̀, àwọn apẹja ibẹ̀ kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Kò tíì pé ọdún kan níbi iṣẹ́ tí gbogbo Scotland fi mọ orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1988 ni. Nigel Lawson, mínísítà ètò ìnáwó, dìde láti ka ìṣúná. Nínú ilé ìgbìmọ̀ yẹn, àṣà tí ẹnikẹ́ni kì í rú ni pé kí wọ́n jẹ́ kí mínísítà kà á láti òkè délẹ̀ láìdá a lẹ́nu kọ́. Ohun tí Lawson ń kà ni pé owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù máa dínkù, tàwọn olówó rẹpẹtẹ máa wálẹ̀ láti 60 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́wọ́ kan náà, ìjọba yẹn ti ń múra láti gbé poll tax wọ Scotland, ní odindi ọdún kan ṣáájú England. Àwa Yorùbá ò nílò ẹni tó máa túmọ̀ poll tax fún wa. Owó orí tí àwọn baba wa mọ̀ ni, orí kan, iye kan, ẹni tó ń gbé ilé ńlá àti ẹni tó ń gbé yàrá kan. Salmond dìde láàárín ọ̀rọ̀, ó ní ohun ìríra ni ìṣúná náà. Ilé dàrú. Alága ní kó jókòó, kò jókòó. Wọ́n dìbò, wọ́n lé e síta fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn kan rí ìyẹn bí ìwà ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Èmi rò pé ó mọ ohun tó ń ṣe dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kan níta, gbogbo ìwé ìròyìn ń gbé orúkọ rẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọjà ẹja Peterhead sì mọ̀ pé aṣòfin òun ò wá jókòó lásán.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ó díje fún ipò olórí ẹgbẹ́ pẹ̀lú Margaret Ewing, ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun ni yóò wọlé. Ìbò 486 ni Salmond ní, Ewing ní 146. Ọmọ ọdún 35 ni.

Ìjà tó bá nínú ẹgbẹ́ nígbà náà, òun ni mo fẹ́ kó yé ọ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ní òmìnira pátápátá làwọn ń fẹ́, bí kò bá jẹ́ òmìnira, kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan mìíràn lọ̀ wọ́n. Lójú wọn, ẹni tó bá gba ilé ìgbìmọ̀ kékeré ní Edinburgh ti gba ẹ̀tàn. Ní 1992 ẹgbẹ́ náà gbé àkọlé kan jáde pé Scotland á ti gba òmìnira kó tó di 1993. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ìjókòó mẹ́ta péré ni wọ́n ní. Salmond wà ní apá kejì. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bí àwọn àgbà wa ṣe ń wí, ohun tó gbà gbọ́ sì nìyẹn: ẹ gba èyí tó wà ńlẹ̀, ẹ lò ó dáadáa, kí ará ìlú fojú ara rẹ̀ rí i, kó tó di pé ẹ béèrè èyí tó kù.

Ìdánwò rẹ̀ dé ní 1997. Labour ti Tony Blair gbé ìbò ilé ìgbìmọ̀ Scotland wá. George Robertson tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà Labour ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ilé ìgbìmọ̀ náà ló máa pa ọ̀rọ̀ òmìnira kú pátápátá. Ṣé wàá bá ẹni tó ní òun fẹ́ fi nǹkan pa ọ́ gbé nǹkan ọ̀hún wọlé? Salmond bá a gbé e. Òun àti Donald Dewar ti Labour jọ rìn yí ìlú ká, wọ́n jọ ní kí àwọn èèyàn sọ pé Bẹ́ẹ̀ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, 74.3 nínú ọgọ́rùn-ún gbà. Lónìí a mọ ẹni tí ìṣirò rẹ̀ péye láàárín òun àti Robertson.

Ìdìbò àkọ́kọ́ sí ilé ìgbìmọ̀ tuntun náà, ní 1999, kò dára fún un. Ó ta ko bí NATO ṣe ń ju bọ́ǹbù sí Serbia lórí ọ̀rọ̀ Kosovo, àwọn ìwé ìròyìn sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìjókòó 35 nínú 129 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ní. Ní 2000 ó fi ipò olórí sílẹ̀, John Swinney gbà á. Nígbà tí Swinney náà kúrò ní 2004, àwọn oníròyìn bi Salmond bóyá ó máa padà. Ó ní bí wọ́n bá fa òun kalẹ̀, òun á kọ̀. Bí wọ́n bá fi dandan mú òun, òun á yẹra. Bí wọ́n bá sì dìbò yan òun, òun á kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ti wọ inú ìdíje.

Ẹni tó ti ń díje kó tó dé ni Nicola Sturgeon, agbẹjọ́rò ọmọ ọdún 33 láti Irvine, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ láti ìgbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ó sún sẹ́yìn fún un. Wọ́n jọ díje, Salmond gẹ́gẹ́ bí olórí, Sturgeon gẹ́gẹ́ bí igbákejì, wọ́n sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nítorí pé ìgbìmọ̀ London ni Salmond wà nígbà náà, Sturgeon ló ń ṣojú ẹgbẹ́ ní Edinburgh fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí o bá ń ronú lórí ìjà tó wá ṣẹlẹ̀, máa rántí pé láàárín àwọn méjèèjì, ẹnìkan ti sún fún ẹnìkejì rí.

A dé 2007 wàyí.

Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ni wọ́n dìbò. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ka ìbò, ẹ̀rọ náà sì já wọn kulẹ̀: kíkà dúró ní ibi púpọ̀, ìwé ìbò tó lé ní 140,000 ni wọ́n kọ̀ sílẹ̀ torí pé bí wọ́n ṣe tò ó ti da olùdìbò lójú rú. Ilẹ̀ mọ́, èsì ò tíì pé. Ní ẹkùn Cunninghame North, ìbò 48 ni SNP fi gba ìjókòó lọ́wọ́ Labour. Ìbò 48, àwọn tó ń jókòó sínú bọ́ọ̀sì kan ni wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Salmond wọ hẹlikópítà láti àríwá, ó balẹ̀ sórí pápá ilé ìtura Prestonfield ní Edinburgh, ó sì dúró níwájú àwọn oníròyìn bí ẹni tó ti wọlé, nígbà tí èsì agbègbè Highlands and Islands ò tíì jáde. Nígbà tó jáde ní ìrọ̀lẹ́, ó di 47 sí 46. Ìjókòó kan ṣoṣo. Láti ìdìbò ọdún 1955 wá, kò sí ìgbà tí wọ́n dìbò gbogbogbò ní Scotland tí Labour kì í borí àfi lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ìjókòó kan ló gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ogójì ó lé méje nínú 129: àwọn alátakò lè kóra jọ lé e dànù ní ọjọ́ tó bá wù wọ́n. Ẹgbẹ́ Liberal Democrats tó ní ìjókòó 16 kọ̀ láti bá a ṣe ìjọba, torí pé kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìbò òmìnira sílẹ̀. Àwọn aṣòfin méjì ti ẹgbẹ́ Green tì í lẹ́yìn kó lè di olórí ìjọba, 49 sí 46, gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ní kò ní lo ọdún kan.

Ohun tó ṣe ni pé ó ń bá ẹni gbogbo sọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn Konsafétífù, tí wọ́n kórìíra òmìnira ju ẹnikẹ́ni lọ, àwọn ló ń bá ìṣúná rẹ̀ wọlé lọ́dọọdún, torí pé ó fún wọn ní ọlọ́pàá púpọ̀ sí i àti owó orí tó dínkù fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ní oṣù kìíní 2009, àwọn Green yí padà ní wákàtí tó kẹ́yìn, ìbò di 64 sí 64, ìbò alága ilé ló sì fọ́ ìṣúná náà. Salmond ní bí ẹ bá tún kọ̀ ọ́, ká lọ dìbò tuntun. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ó wọlé, Labour pàápàá ti ń dìbò fún un.

Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn ni wọ́n fagi lé owó tí wọ́n ń gbà lórí afárá Forth àti Tay, tí wọ́n yọ owó tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ń san lẹ́yìn tí wọ́n bá gboyè, tí wọ́n dín owó oògùn kù lọ́dọọdún títí tó fi di ọ̀fẹ́ ní 2011. Wọ́n tún yí orúkọ padà. "Scottish Executive" ni Labour ń pe ìjọba náà, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ kan. Salmond ní "Scottish Government" ni, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sára ilé. Ohun kékeré ni lójú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé lọ́dún yẹn ò mọ orúkọ mìíràn, ìjọba ni ìjọba ń jẹ́ létí rẹ̀, Edinburgh ló sì wà.

Ibi tí mo ti mọyì rẹ̀ jù lọ nìyẹn. Fún ọdún mẹ́rin kò pariwo òmìnira láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ó ń tún afárá ṣe, ó ń san owó nọ́ọ̀sì, ẹ̀rù tí wọ́n fi ń dá ará ìlú bà nípa SNP sì ń ṣá lójú wọn díẹ̀díẹ̀. Ní 2011, wọ́n dìbò, ó gba 69 nínú 129. Ètò ìdìbò yẹn, bí wọ́n ṣe tò ó, ó ṣòro gan-an kí ẹgbẹ́ kan tó lè ní ju ìdajì lọ. Òun ní in.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyí o. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpolongo rẹ̀ pé bí òun bá wọlé, ìbò òmìnira máa wáyé. Ó wọlé. David Cameron, olóòtú ìjọba ní London, aṣòfin kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní ní gbogbo Scotland. Bó bá kọ̀, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu ará ìlú ló máa rí. Ìdí kejì sì wà tí kò yẹ ká fi pamọ́: ìwádìí fi hàn nígbà náà pé bí ìdá mẹ́ta kan nínú àwọn èèyàn ló fẹ́ òmìnira. Cameron gbà torí ó dá a lójú pé òun máa borí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2012, wọ́n jókòó sí St Andrew's House ní Edinburgh, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn. Ilé ìgbìmọ̀ London fi abala 30 nínú òfin Scotland ti 1998 yá Edinburgh ní agbára láti ṣètò ìbò náà, lẹ́ẹ̀kan, kí 2014 tó parí. Kò sí ìbọn torí pé ìwé wà, ìwé náà sì wà torí pé ìbò 2011 ti ṣáájú rẹ̀. Ìgbà tí Sturgeon tún béèrè lẹ́yìn náà, London kọ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì sọ ní oṣù kọkànlá 2022 pé Edinburgh ò lè dá irú ìbò bẹ́ẹ̀ ṣe láìjẹ́ pé London fún un láṣẹ. Mo mọ̀ pé nílé wa, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ Yorùbá máa dá dúró máa ń dárúkọ Scotland. Ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀, kó dárúkọ ogójì ọdún tó ṣáájú àdéhùn yẹn mọ́ ọn.

Ohun kan wà tó kan àwa náà tààrà. Salmond fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbé Scotland dìbò, kì í ṣe ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti Scotland. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé ibẹ̀ lábẹ́ òfin lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Nítorí náà, Yorùbá tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Glasgow, tó sì ní ìwé ìgbélùú, lè dìbò lórí òmìnira Scotland, nígbà tí ọmọ Scotland tó ń gbé London ò lè dì í. Àwọn ọmọ ọdún 16 náà dìbò. Fún mi, ìyẹn ló fi irú orílẹ̀-èdè tó ní lọ́kàn hàn ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ.

Ibi tó ti kọsẹ̀ nínú ìpolongo náà dùn mí títí dòní. Owó wo ni Scotland máa ná? Salmond ní pọ́ùn ni, àwọn àti England á jọ máa ná an. Ní oṣù kejì 2014, George Osborne, mínísítà ètò ìnáwó ní London, dé Edinburgh, ó ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ, Alistair Darling, tó ń ṣojú àwọn tó ní Bẹ́ẹ̀kọ́, bi í lórí tẹlifíṣọ̀n: bí wọn ò bá gbà, kí lẹ máa ṣe? Ó bi í, ó tún un bi. Salmond ń yí i po. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ti fi ìṣirò ṣẹ́gun láti ìgbà èwe rẹ̀, ọjọ́ tí ìṣirò ṣe pàtàkì jù lọ, kò ní i lọ́wọ́. Ó borí nínú àríyànjiyàn kejì ní Glasgow lọ́jọ́ 25, ìwádìí kan sì gbé Bẹ́ẹ̀ni síwájú ní 51 nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kànlá, ẹ̀rù ba London débi pé àwọn olórí ẹgbẹ́ mẹ́ta jọ fọwọ́ sí ìlérí agbára tuntun fún Scotland nínú ìwé ìròyìn Daily Record. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Darling ò kúrò nílẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án, 84.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò jáde. Bẹ́ẹ̀ni ní 1,617,989. Bẹ́ẹ̀kọ́ ní 2,001,926. Glasgow àti Dundee sọ pé Bẹ́ẹ̀ni. Aberdeenshire, agbègbè tirẹ̀, ní Bẹ́ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kejì ó kéde pé òun máa kúrò. Ó ní àsìkò òun ti ń parí lọ, ṣùgbọ́n àlá náà kò ní kú láé. Sturgeon gbà á, láàárín oṣù mẹ́jọ ẹgbẹ́ náà kó ìjókòó 56 nínú 59 tí Scotland ní ní London, Salmond wà lára wọn. Ó pàdánù ìjókòó yẹn ní 2017. Ó wá lọ ń ṣe ètò lórí RT, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Rọ́ṣíà. Àṣìṣe ńlá ni, kò sì sí àlàyé tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ní ti òun àti Sturgeon, màá sọ ọ́ bó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀. Ní 2018, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba obìnrin méjì fẹ̀sùn kan Salmond lórí ìwà tó hù nígbà tó wà lórí àlééfà. Ìjọba Sturgeon wádìí rẹ̀ lábẹ́ ìlànà tuntun. Salmond gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ó sì jàre ní oṣù kìíní 2019, torí pé ẹni tí wọ́n ní kó ṣe ìwádìí ti bá àwọn olùfisùn sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ìjọba san £512,250 fún un. Lẹ́yìn èyí ni ọlọ́pàá fẹ̀sùn kàn án. Obìnrin mẹ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní oṣù kẹta 2020, ìgbìmọ̀ jury, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́, dá a láre ní Edinburgh lórí ẹ̀sùn 13 tó dé iwájú wọn: wọ́n ní kò jẹ̀bi méjìlá, wọ́n ní wọn ò rí ẹ̀rí tó lórí ọ̀kan. Agbẹjọ́rò rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ nílé ẹjọ́ pé ó yẹ kó ti jẹ́ èèyàn tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn méjèèjì ni mo gbà, ìdáláre náà àti ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò.

Salmond gbà pé àwọn tó yí Sturgeon ká ló gbìmọ̀ láti sọ òun sẹ́wọ̀n. Sturgeon ní irọ́ ni, pé ohun tóun ò lè ṣe ni kóun fi agbára bo ẹ̀sùn àwọn obìnrin mọ́lẹ̀ torí pé ọ̀gá òun àtijọ́ ni. Ìwádìí James Hamilton, agbẹjọ́rò tí wọ́n ní kó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, sọ ní oṣù kẹta 2021 pé Sturgeon kò rú òfin àwọn mínísítà. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Salmond kéde Alba, ẹgbẹ́ òṣèlú tuntun tó fẹ́ máa darí. Kò rí ìjókòó kan gbà nínú ìdìbò oṣù karùn-ún. Wọn ò tún rẹ́ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ló kú, ní Ohrid ní North Macedonia, ibi tó ti lọ sọ̀rọ̀ níbi àpérò kan. Ẹni ọdún 69 ni. Abúlé Strichen tó ń gbé, lókè Aberdeen, ni wọ́n sin ín sí.

Sọ fún èyí tó pè é ní akọni nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé kó má gbàgbé àwọn obìnrin tó jẹ́rìí. Èyí tó ní kò ṣẹ́gun, mú un dání nígbà míì tí o bá ń lọ gba oògùn tí dókítà kọ fún ọ ní Aberdeen. Wọ́n á fi í sínú àpò bébà kékeré, wọ́n á nà án sí ọ, wàá máa lọ láìsan kọ́bọ̀. Kó wá pe ẹni tó bá mọ̀ ní Manchester, kó bi í iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí oògùn kan ṣoṣo.